Gbólóhùn Tí N Kò Parí

Ẹ̀yin ará Ìkòsí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè mí ní Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Yẹ́misí ọmọ mi ka ìwé yìí fún yín. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, òun náà sì ni mo fi ṣe ibi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Adékọ̀yà ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ yín ní Yorùbá. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú pátákó ṣọ́ọ̀bù ní Kétu, tí n óò máa ka àmì ohùn tí wọn kò fi sí i. Nígbà tí àbá òfin owó orí tuntun dé, tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní àǹfààní ni, tí ẹgbẹ́ tiwa ní ìyà ni, wọ́n pèpàdé àwọn ọlọ́jà Mile 12, wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Mo wọ agbádá. Mo fi oyin la ọ̀fun. Ta ni wọn ìbá tún pè?

Ọ̀gá Débọ́lá, alága ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a tó wọlé. Mo bi í bóyá irọ́ ló fẹ́ kí n pa, ó tilẹ̀ fẹ́ bínú. "Tíṣà, ta ló ní kí ẹ purọ́? Ibi tó bá ti dùn fún wọn, ẹ kàn má parí ẹ̀ ni." Mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Lọ́yà Loveth tí ẹgbẹ́ kejì rán wá kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Ó fi èdè òyìnbó ṣàlàyé pé òfin náà yọ àwọn oníṣòwò kéékèèké kúrò nínú owó orí, pé wọn kò ní san kọ́bọ̀. Mo gba máíkì. Mo ní, "Wọ́n ní òfin tuntun yìí máa yọ ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké kúrò." Mo dákẹ́. Mo dá máíkì padà bí ẹni tó máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá tán. Ẹ sì rántí pé lásìkò yẹn, ẹ̀rù katakata ìjọba tó ń wó ìsọ̀ ti wà lára olúkúlùkù. Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Loveth rò pé inú yín ló ń dùn, ló bá ń juwọ́ sí yín.

Ibẹ̀ kọ́ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù.

Lọ́jọ́ kẹta, Màríyámọ̀ aláta rodo wá sílé mi. Opó ará Ṣakí ni, ìyá rẹ̀ ló fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún un. Kò jókòó. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kúrò níbo?"

Ẹ̀yin yòókù ti bínú lọ sílé. Òun nìkan ló béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gidi máa ń béèrè. Ìdáhùn náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: nínú owó orí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mo ní láti gbà pé èmi Adékọ̀yà ṣe ìtumọ̀ tí kò pé. Mo wò ó lójú, mo ní, "Màríyámọ̀, ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ta ìsọ̀ náà ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú, kí katakata má baà bá a níbẹ̀. Ìyàwó Débọ́lá ló rà á. Wọ́n buwọ́ lu òfin náà, kò sí ẹni tí wọ́n yọ lọ́jà. Lónìí, Màríyámọ̀ ń bá ẹlòmíràn ṣa ata jíjẹrà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, lẹ́nu ìsọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀ tó ń sọ fún Yẹ́misí pé, "Daddy yín sọ ọ́ dáadáa. Èmi ni mi ò gbọ́ Yorùbá." Mo di ojú bí ẹni tó ń sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n máa gbé máíkì lé lọ́wọ́ láàárín ẹgbẹ́ méjì, ẹ wo ibi tí mo sùn sí. N kò lè ní kí o foríjì mí, Màríyámọ̀. Ìsọ̀ náà kò ní tìtorí ẹ̀bẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n o gbọ́ Yorùbá. O gbọ́ ọ jù mí lọ. Kúrò nínú owó orí ni.