Wọn Kò Bi Mí Bóyá Mo Mu

Ẹ fà sún mọ́ mi, ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá wà ní ìdúró, kó jókòó, nítorí n kò lè pariwo. Ògiri ibi tí mo wà nípọn, wọ́n sì ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Okùn ni wọ́n ní wọn yóò fi ṣe é, wọn ò sọ ọjọ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún láàárọ̀, gbogbo àwa tí ẹjọ́ ikú wà lórí wa la máa ń tẹ́tí sí orúkọ tí wọn yóò pè.

Káfíńtà ni mí ní Ọ̀yọ́, òrùlé ni mò ń kàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òrùlé bá fẹ́ gòkè, onílé á gbé ọtí sílẹ̀ fún àwa oníṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ bu díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó ní, "Gbé e mì, òòyì ò ní í kọ́ ọ lókè." Mo gbé e mì. Nígbà tó yá, mo ń mu ún lọ́jọ́ tí kò sí òrùlé. Nígbà tó tún yá, òun ni mo fi ń la ojú.

Wòlíì ìjọ wa ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á, ogógóró ni mo sì fi ṣínu. Nọ́ọ̀sì kan ló wá sọ fún mi pé ìpàdé kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn tí ọtí ti ba ayé wọn jẹ́ ti ń jókòó pọ̀, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fi í sílẹ̀. Inú mi dùn pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀?

Ẹ wá wo wàhálà. Mo wọkọ̀ débẹ̀, géètì wà ní títì. Máígàdì ní, "Wọ́n ti kó kúrò, Bàbá."

"Wọ́n kó lọ síbo?"

"Wọn ò bá mi sọ ọ́."

Mo padà sílé. Mo tún lọ. Wọ́n júwe ilé ìwé kan lẹ́yìn Ọjà Igbó fún mi, mo sì bá àwọn ènìyàn lórí ìjókòó. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo dìde, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀mùtí ni mí, agbára mi ò ká a mọ́."

Gbogbo wọn ń wò mí. Alága wọn ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ìpàdé àwọn onílé àdúgbò lèyí. Ọ̀rọ̀ gọ́tà la ń sọ."

Ìyá kan ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó jàre. Akọ̀wé wa náà ń mu."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n nawọ́ sí yàrá kejì fún mi.

Ẹ̀rín yẹn ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí mo wọ yàrá tó yẹ, ẹnu mi ti di. Àwọn tí mo lè bí ló kún ibẹ̀: olùkọ́, télọ̀, awakọ̀. Bí wọ́n ṣe rí irun funfun mi, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n gbé àga tó dára jù fún mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dìde, ó ń sọ bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó mu, bóyá kò mu, àwọn yòókù á sì bi í léèrè. Nígbà tó kàn mí, olùkọ́bìnrin tó ń darí wọn ní, "Bàbá, ẹ̀yin ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ kàn súre fún wa."

Mo súre, wọ́n ṣe àmín. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún súre. Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí ara mi. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá há sí mi lọ́fun, kò sẹ́ni tó ní kí n pọ̀ ọ́. Mo ń mu kí n tó wọlé, mo wá ń jẹ orógbó lé e kí òórùn rẹ̀ má baà hàn.

Kàmọ́rù, tó ń wa kẹ̀kẹ́, ló máa ń jókòó tì mí. Ó gbóòórùn ọtí lẹ́nu mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé, ó bá mi lábẹ́ àtíbàbà obìnrin tó ń ta paraga. Ife wà lọ́wọ́ mi, àpò iṣẹ́ mi wà nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti ń mu ún."

"Àgbo ni."

"Èmi náà ti pè é ní àgbo rí, sà. Ẹ jẹ́ ká padà, wọn ò tíì tú ká tán. Ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, màá bá yín sọ ọ́."

"Ìwọ? Ta ni bàbá ẹ?"

Àwọn tó ń mu níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tó ti gbọ́ pé èmi ni mo ń súre ní ìpàdé ní, "Bàbá aláàdúrà, ọwọ́ ti bà yín."

Kàmọ́rù na ọwọ́ sí ife náà jẹ́jẹ́. Mo fa òòlù yọ, mo là á mọ́ ọn lórí, ó ṣubú. Ó ti wà nílẹ̀ kí n tó tún lù ú. Èyí tí mo lù ú nílẹ̀ yẹn ni adájọ́ ń tẹnu mọ́ títí tó fi dájọ́. Kàmọ́rù nìkan ló sọ ohun tí mo wá gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún mi, òun náà ni mo pa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tọ ọ̀nà mi. Bí wọ́n bá gbé ọtí sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ bèèrè omi. Bó bá ti wọ̀ yín lára, ẹ wá irú ìpàdé yẹn lọ. Bí géètì bá wà ní títì, ẹ tún lọ, kí ẹ sì la ẹnu yín. Bí arúgbó bíi tèmi bá wọlé tọ̀ yín wá, ẹ kí i dáadáa, lẹ́yìn náà kí gbogbo yín bi í pọ̀ bóyá ó mu. Ẹ má jẹ́ kó ku ẹnì kan ṣoṣo tí yóò bi í.

Ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyàwó Kàmọ́rù ló jogún kẹ̀kẹ́, wọ́n ní ó ń wà á fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi ti padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, kò mú nǹkan kan. Ilé mi ní Ọ̀yọ́, àkọ́bí mi ló jogún rẹ̀. Wọ́n ní òun náà ti ń mu, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó mọ̀ ọ́n láti bá a sọ ọ́, nítorí pé ọmọ mi ni.