Ta Ló Fi Sìmẹ́ńtì Dí Ògiri Mi Nímú?

Ta ló bà á jẹ́? Bàbá Nassirou, ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo gbé wá nìyẹn, ta ló bà á jẹ́? Mo lọ sí Savalou lọ wẹ ọmọ tuntun fún Samiath ọmọ mi, ogójì ọjọ́ péré, kí n tó dé, Razack, ọmọ tí mo fi ikùn mi bí, ti kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ mi látòkè délẹ̀, òjò sì ti rọ̀ sí i, sìmẹ́ńtì ti ń ṣí wálẹ̀ lábala lábala bí èèpá egbò, òun kan náà ló wá dìde lánàá tó ní ilé ìyá òun ti bàjẹ́, pé lọ́la ni wọ́n ń mú dígà bọ̀, àṣẹ yín nìkan ló kù tí wọ́n ń dúró dè, ẹ̀yin olórí ẹbí. Àṣẹ yín! Ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gé igi òrùlé ilé náà!

Rárá, mi ò ní jókòó. Omi náà, ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi wá.

Ẹ gbọ́, mo mọ ara mi níyàwó ilé. Nígbà tí mo wọ agbo ilé yìí, ìhòhò lẹ̀ ń rìn, èmi ni mo ń pọ̀n yín lọ sóko, síbẹ̀ láti ọjọ́ náà ọkọ mi ni mò ń pè yín, mi ò ya ẹnu pe orúkọ tí wọ́n sọ yín rí, títí ẹ̀gbọ́n yín fi kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀wà hù ni mo ṣe ń pariwo. Ọkọ mi ni yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí á jáde!

Bí ẹ bá ti gbàgbé ilé náà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Yàrá mẹ́fà, fún àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò ríbi gbé. Ibo la ti bu amọ̀ rẹ̀? Inú ilẹ̀ ibẹ̀ náà ni, kòtò tí a gbẹ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi wà lónìí. Ọdún kan gbáko la fi mọ ọ́n nítorí a ò kánjú. A mọ ipele kan, a fi í sílẹ̀ fún oòrùn, tí a bá kàn án tó dún kóró, ìgbà náà la tó mọ ìkejì lé e. Igi àjà rẹ̀, rónì, ọ̀pẹ líle yẹn ni, ikán gé e jẹ títí eyín rẹ̀ fi kán. Igi òrùlé, tíìkì ni, tí ẹ̀gbọ́n yín gbìn lọ́nà Gouka nígbà tí Razack ṣì ń rá. Ẹ̀yin lẹ gé e, ẹ̀yin lẹ fá a, ẹ̀yin lẹ fi etí lé e tí ẹ ní ó ti gbẹ! Igi kọ̀ọ̀kan tí ẹ gé, méjì ni mo gbìn dípò, mo ń fi kèrègbè rin wọ́n lómi lẹ́ẹ̀rùn, ẹ lọ wò wọ́n, wọ́n ti ga jù mí lọ. Yàrá mẹ́fà mìíràn ló wà nínú igi wọ̀nyẹn, Bàbá Nassirou, wọ́n ń dàgbà lórí ìnàró, wọ́n ń dúró de àwọn ọmọ-ọmọ mi.

Ọmọ-ọmọ mi! Haa, ẹ ò tíì rí i! Moutiatou ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ mi, imú mi, etí mi, ẹnu náà, wáláhì, tèmi ni, gbogbo àdúgbò ò sùn. Ìyá ọkọ Samiath á máa fi èdè Màhì kọrin fún un lápá ọ̀tún, èmi á máa kọ tiwa lápá òsì, ọmọ á sì máa ké bo àwa méjèèjì mọ́lẹ̀. Bí mo bá da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn, á di ìkúùkù bí ẹni tó fẹ́ bá mi jà. Ẹ̀rín ni mo rín délé. Ẹ̀rín! Nínú tasí, gbogbo èrò ló mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí kí a tó débi.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, sìmẹ́ńtì! Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n já gbà lẹ́nu mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọmọ Bantè, ta ni kò mọ̀ pé ọkùnrin ní í mọ ògiri, obìnrin ní í rẹ́ ẹ? Egungun ilé, tiyín. Awọ ilé, tiwa. Ọdọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, Bilkissou á kó àwọn obìnrin arẹ́lé rẹ̀ láti Akpassi, wọn á se èèpo èso igbá, igi tí a fi ń ṣe irú, títí omi rẹ̀ á fi pọ́n tí á sì fà, wọn á pò ó mọ́ amọ̀ kíkúnná àti ìgbẹ́ màlúù, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ, wọn á fi òkúta dídán ra á títí á fi máa dán bí ara ọmọ tí wọ́n fi òróró pa. Awọ yẹn ń mí. Bí omi bá wọ̀ ọ́, omi náà mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Razack bi obìnrin wo? Ṣé èmi? Ṣé Bilkissou? Àbí ìyàwó tirẹ̀ tó ń sùn tì í? Ó rí ògiri dídán ní Cotonou, ó ní òun náà á fi dá ìyá òun lọ́lá! Ó fi sìmẹ́ńtì dí amọ̀ nímú, omi òjò gba ojú fèrèsé wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò rọ́nà jáde, ó mú amọ̀ wú bí ẹ̀wà nínú ìkòkò. Kí ẹ wá retí kí ni?

Kí lẹ wí? Ọkàn rere ló fi ṣe é? Ẹni tó fi ọ̀rá wé ọmọ tuntun lójú nítorí kí eṣinṣin má baà bà lé e, ọkàn rere ló ní, ọmọ á kú síbẹ̀ náà ni!

Aago ọwọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ má fi apá ẹ̀wù bò ó, mo ti rí i. Ó bá yín mu. Ó ń dán. Razack ló mú un bọ̀ láti Cotonou, mo mọ̀, kò sí aago bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjà Bantè. Ìgbà tí ó ń po sìmẹ́ńtì lójú yín, kí ni aago náà wí? Ó ní ìgbà sísọ̀rọ̀ ò tíì tó?

Mi ò bú yín. Aago ni mò ń bú.

Wọ́n á ní ilé amọ̀, ilé tálákà. Ẹ bi Achille, olùkọ́ ìṣirò yẹn, ọmọ Cotonou gidi. Kí ó tó dọ́dọ̀ mi, yàrá bíríkì sìmẹ́ńtì onípáànù ló gbà lójú títì, oṣù méjì, ó ní òun ń sun bí iṣu tí wọ́n tì bọ eérú. Ó gbé ibùsùn lérí wá bá mi. Tèmi, àjà amọ̀ nísàlẹ̀, koríko bẹẹrẹ lókè, láti ọjọ́ náà ló ti ń fi aṣọ bora lọ́sàn-án gangan, lóṣù ẹ̀ẹ̀rùn! Ó lọ ìsinmi báyìí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mi, ó ní òun ń bọ̀. Kí n sọ fún un pé kí ni? Pé yàrá rẹ̀ lọ ìsinmi, kò bọ̀ mọ́?

Étienne náà, èyí tí ìjọba ní kó máa ṣọ́ igbó, ó sọ alùpùpù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kan, ó ń wo ilé, ó ń mi orí. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé òkúta ni wọ́n ń fi iná sun kó tó di sìmẹ́ńtì? Iná tọ̀sán-tòru, èéfín rẹ̀ ló ń ba ojú ọ̀run jẹ́." Mo ní, "Ọmọ mi, ògiri tèmi, oòrùn ló sè é, oòrùn ò sì bèèrè igi ìdáná lọ́wọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò lọ iléèwé, Bàbá Nassirou, ọ̀rọ̀ mi lọ!

Láti ọdún tí wọ́n sì ti gé agbára owó sẹ́fà wa sí méjì, ta ló ń rí sìmẹ́ńtì rà kọ́ yàrá mẹ́fà? Razack á wó o, á bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀, á padà sí Cotonou, ewúrẹ́ á máa jẹko nínú yàrá mi. Ẹ ka irú rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Lougba, ẹ kà á wò!

Ilé náà ò kú, dídákú ló dákú. Ọjọ́ tí mo dé ni mo mú ọmọ odó, mo gún gbogbo sìmẹ́ńtì yàrá àkọ́kọ́ dànù. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Oòrùn ti pa á fún ọjọ́ mẹ́rin. Láàárọ̀ yìí mo kàn án. Kóró! Amọ̀ tó bá a lọ ò jìn ju oríkèé ìka kan. Oríkèé kan! Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ sin odidi ilé láàyè. Ẹ wá kàn án fúnra yín, káfíńtà ni yín, etí yín ò purọ́ rí. Kí ẹ kàn án, kí ẹ sì sọ fún Razack pé ẹ ò fọwọ́ sí i.

Kí lẹ wí?

Ẹ ti fún un lọ́rọ̀ pé kó wó o? Ẹ ò lè kó ọ̀rọ̀ jẹ?

Ó dáa. Mi ò bẹ̀ yín mọ́. Kí n tó wá síbí ni mo ti kó ẹní mi, ìkòkò mi àti kẹ́tù àlùwàlá mi sí yàrá àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ wó. Ibẹ̀ ni mò ń gbé. Bilkissou àtàwọn èèyàn rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ká ìró sókè, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀. Ẹ lọ sọ fún Razack pé kó mú dígà rẹ̀ wá, mi ò ní dì í lọ́wọ́. Àmọ́ kó tó gbé e sókè, kó kan ilẹ̀kùn, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, kó kí ìyá rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kí ìyá láàárọ̀. Màá jáde sí i. Màá fi oríkì kì í láti orí dé ẹsẹ̀, màá kì í ní ti bàbá rẹ̀, màá kì í ní ti igi tí bàbá rẹ̀ gbìn. Bí mo bá kì í tán, tí apá rẹ̀ ṣì lè gbé dígà, kó wó o!