Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lọ́rùn Gìtá

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún mi láyè títí ẹnu mi fi là. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bá yín kọ orin ìwẹ̀nùmọ́ nígbà tí èérí wà lọ́wọ́ mi. Ó tó gẹ́ẹ́. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde.

Ẹ mọ̀ mí sí ẹni tó ń tún gìtá oníná ṣe. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọrùn gìtá tí kì í jẹ́ kí wáyà fa igi náà tẹ̀. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lábẹ́ ìdérí kékeré nídìí orí gìtá, kọ́kọ́rọ́ kan báyìí la fi ń yí i. Bí a bá fún un jù, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, wáyà á máa han bí eṣinṣin inú ìgò. Ṣùgbọ́n igi kì í tẹ̀ tán lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì. Ibẹ̀ ni èmi ẹlẹ́ṣẹ̀ fara pamọ́ sí.

Èmi náà ni mo ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀gá akọrin fẹ́ fi Télọ̀, àbúrò wa nínú ẹgbẹ́, sí ipò mi, nítorí ìka rẹ̀ já fáfá ju tèmi lọ. Bó bá gbé gìtá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń tún un ṣe dáadáa, kí n tó wá fún nọ́ọ̀tì náà lé díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń dún geerege. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń han lójú gbogbo ìjọ.

Télọ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹnìkan ń fọwọ́ kàn án nílé."

Mo ní, "Ta ni ariwo rẹ̀ ń sú jù níbẹ̀?" Mo mọ ẹni tí yóò bọ́ sí i lọ́kàn.

Ìyàwó rẹ̀ a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Gìtá yìí ni ìyáálé mi." Tẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ a rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń ti gìtá mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń yẹ eruku orí àpò rẹ̀ wò bóyá ìka ẹnìkan hàn níbẹ̀.

Inú bí obìnrin náà. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí gìtá dé láti ọ̀dọ̀ mi, ó mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná, ó ṣí ìdérí tó ti rí mi ṣí rí, ó kùn ún mọ́ nọ́ọ̀tì àti igi lójú ọkọ rẹ̀. "Bí mo bá yí i, á là. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gìtá tún han. Àwọn méjèèjì gbé e wá bá mi. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ṣí ìdérí náà. Kútẹ́ẹ̀sì pé, kò là rárá! Ẹ̀rù bà mí. Kò sí ẹni tó yí i nílé wọn, ó ku èmi. Mo fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ ha á lẹ́ẹ̀kan péré, ó là.

Mo ní, "Ẹ wò ó. Ó ti là."

Obìnrin náà ò sunkún. Ọwọ́ mi ló ń wò. "Bọ̀ọ̀dá, kí ni mo fi yí i? Ọwọ́ yín nìkan ni mo ti rí kọ́kọ́rọ́ yẹn rí."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé bọ̀ọ̀dá ló wá ń purọ́ ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Aṣọ ni mo mú, mo ń nu kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà kó lọ sílé ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Nígbà tí Ọlọ́run ká mi mọ́ lórí eékún, mo mú kọ́kọ́rọ́ náà tọ obìnrin náà lọ, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ lójú ẹni tí kò gbà mí gbọ́." Mo sọ ọ́. Télọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì padà wálé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ bá kàn béèrè pé, "Ta ló ṣí fèrèsé?" kò ní í jẹ́ kó sọ ọ́ tán tí yóò fi ní, "Èmi kọ́ o." Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn.

Ẹ forí jì mí. Kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ tí ẹ fọkàn tán lọ́ ilé yín po. Kó má sì jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ yín ni yóò lọ́ ilé ẹlòmíì. Àmín.