Títì Tí Mo Yọ Kúrò Lára Àpótí Màmá Onígíláàsì

Ojú mi nìkan ló ṣe. Nínú gbogbo ẹni tó ń mí lókè eèpẹ̀, kò sí ẹlòmíì! Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi panu mọ́, ikùn mi ti wú bíi bọ́ọ̀lù. Tí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, ó máa bẹ́. Ẹ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi.

Àgbà ni mí nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ kó gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n jọ láti ibi tóòrùn ti ń yọ dé ibi tó ń wọ̀, àga tèmi ló máa ga jù. (Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní ó máa wà lára mẹ́wàá àkọ́kọ́.) Ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń tọ́jú wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀. Tí akọ̀wé bá ti wọlé síbẹ̀, ẹ̀rọ á ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún un níbi tá à ń kó dátà sí. Ohun tó bá ń tẹ̀, inú àpótí yẹn ló ń wà títí á fi parí. Tí ojú ewé kan bá ń lo àpótí náà lọ́wọ́, á tì í pa. Ojú ewé kejì á dúró kí èkíní ṣe tán. Ìdúró yẹn ló ń bí wọn nínú. Dókítà àgbà ní, "Ẹ̀rọ ẹ yìí, ṣé ìgbín ló ń fà á ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn. Mo ní, "Ẹ fún mi ní wákàtí kan, á máa sáré ju ẹtu lọ." Mo yọ títì yẹn, ìyẹn ohun tó ń ti àpótí pa, kúrò. Mi ò bi ẹnì kankan. Ó sì sáré! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń yan bí àkùkọ.

Màmá Onígíláàsì ni akọ̀wé wa; gíláàsì ojú ẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yẹn. Ó ní, "Ọmọ yìí ń purọ́ o, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ kì í purọ́." Màmá máa ń ṣí ojú ewé méjì pọ̀: ọ̀kan fún oògùn tí kò bá aláìsàn lára mu, ìkejì fún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Á tẹ èyí, á tẹ tọ̀hún, wéré. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tẹ̀ ẹ́ fún káfíńtà kan pé abẹ́rẹ́ báyìí ò gbọdọ̀ kàn án lára. Títì ò sí mọ́. Ojú ewé kejì ò dúró de èkíní; ó da ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sínú àpótí, ó gbá ìkìlọ̀ jáde. Wọ́n gún káfíńtà ní abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Ọrùn ẹ̀ wú, èémí ẹ̀ há. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi mọ ẹni tó ń pe òun. Orí ló yọ ọ́.

Wọ́n pe Màmá. Dókítà àgbà ní, "Ẹ ò tẹ ìkìlọ̀ náà." "Mo tẹ̀ ẹ́, dókítà. Ìka mi yìí ni." "Màmá, ojú yín ò ríran mọ́." Màmá yíjú sí mi: "Ọkọ mi, ìwọ lo mọ inú ẹ̀rọ. Bá mi wò ó."

Mo wò ó. Ẹ̀rọ máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ níbì kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń débẹ̀. Ìlà méjì ni: Màmá tẹ ìkìlọ̀, kó tó ṣẹ́jú, ojú ewé kejì ti pa á rẹ́. Ibi tí mo ti di ẹranko nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo pa ìlà méjèèjì rẹ́. Mo dá títì padà sáyè ẹ̀. Mo wá wo ojú Màmá, mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀." Kò bú mi. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó ní, "Àbí ojú mi ni lóòótọ́?" Wọ́n ní kó máa lọ sílé ná. Ọmọ ẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé kì í dáná mọ́. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ bu nǹkan míì sọ́bẹ̀ pé iyọ̀ ni.

Lánàá, mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá pátápátá ilé ìwòsàn. "Èmi ni, sà." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní o fi eyín já wáyà iná? O tún fẹ́ gba ẹ̀bi kún un? Ẹ̀rí ẹ dà?" Ẹ̀rí! Ọwọ́ mi yìí ló pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá máa buwọ́ lùwé pé ojú òun ló fà á. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni ti wáyà. Irọ́ ni ti àga tó ga. Àmọ́ èyí, mi ò bù mọ́ ọn, kódà bíi hóró iyọ̀ kan. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré yìí, dandan ni kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́: ojú Màmá ríran.