Wọ́n Kọ̀ Láti Ka Ọwọ́ Àwọn Ará Ilé Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ní òun ń kó àwọn ẹbí òun bọ̀ wá tọrọ mi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Gbogbo ilé ti ń fọ ilẹ̀, wọ́n ń fọ ògiri, èmi tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ ni mo wà nínú yàrá tí mò ń sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe pé ó nà mí, kì í ṣe pé mo ká obìnrin mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìbò ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Kì í sì í ṣe ìbò òṣèlú, àwọn sójà kò tíì jẹ́ ká rí ìyẹn dì. Ìbò lórí ìtàn ni.

Nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kékeré ni mo wà ní Ìkirè nígbà tí àwọn òbí mi kú, àǹtí tó mú mi wá sí Èkó náà sì ti padà sílé. Nítorí náà, àwọn tí a jọ yá yàrá nínú ilé kan náà ni ìyá àti bàbá mi. Ìyá Síkírù tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà a máa bi mí bóyá mo ti jẹun kí ó tó bi Síkírù fúnra rẹ̀. Nígbà tí ibà fẹ́ pa mí, Bàbá Rẹ́mí káfíńtà, àgbàlagbà tó ti ń hewú, ló gbé mi pọ̀n dé ọsibítù. Kò sẹ́ni tó bí mi nínú wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tí mo lè pè ní ẹbí lẹ́yìn wọn.

Ẹ wá wò ó, nǹkan kan wà tó máa ń pa mí bí ọtí: ìtàn ayé tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ lórí rédíò pé èèyàn ti fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ni ọkàn mi kò ti gbé ilẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi lọ sí ẹgbẹ́ kan ní Àjàó Estate, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ọkọ̀ tó ń fò lọ sí ojú ọ̀run àti ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn. Àwọn akọ̀wé ìjọba, ará bánkì àti òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú ló pọ̀ níbẹ̀. Owó epo ti dé, kálukú ti ra tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la ló kù tí wọ́n ń sọ. Lọ́dọọdún, wọ́n á ka ìtàn tuntun sókè ní páálọ̀ ọ̀kan nínú wọn, gbogbo ẹni tó bá jókòó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á nawọ́, ìtàn tí ọwọ́ bá pọ̀ fún jù ló máa gba ife ẹ̀yẹ. Kò sí adájọ́, kò sí ọ̀gá. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ló ń yan ìtàn. Òfin yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Dépò, akọ̀wé ẹgbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ojú ọ̀run ní pápá ọkọ̀ òfurufú, kó máa sọ bóyá òjò ń bọ̀. Bọ̀dá Dépò ni mò ń pè é nígbà náà. Tó bá sìn mí délé, á ní, “Mú agbòòrùn dání lọ́la o, òjò ń bọ̀.” Òjò kì í rọ̀! Háà, mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Òun ló ní kí n kọ ìtàn tèmi, nígbà tí èdè Òyìnbó sì ń dí mi lọ́wọ́, òun náà ló ní kí n fi Yorùbá kọ ọ́. Mo kọ ọ́ nípa àwọn obìnrin tó kó lọ sí òṣùpá, tí wọ́n débẹ̀ tí wọn kò bá omi, tí wọ́n wá ń gbẹ́ kànga nínú òkúta.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a ó kà á, mi ò lè pa á mọ́ra, mo sọ fún Ìyá Síkírù nídìí ẹ̀rọ omi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni wá. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ilé tí ayálégbé pọ̀ sí: bí ẹnì kan bá ní ayẹyẹ, gbogbo ilé ló ni ín. Kí n tó wẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wọ aṣọ ọdún, Bàbá Rẹ́mí ti dé fìlà. A fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ dé Àjàó Estate bí ẹni ń sin ìyàwó. Àwọn àgbà kúkú ti ní èèyàn laṣọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo wọ aṣọ!

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ àwọn ìtàn tó ṣáájú tèmi. Àwọn ará ilé mi jókòó jẹ́ẹ́. Kí n má purọ́, Ìyá Síkírù sùn, ó tún hanrun. Àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tèmi, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń dá mi lóhùn: “Yéè! Omi ò sí lóṣùpá náà?” Ẹ̀rín pa gbogbo páálọ̀. Nígbà tí wọ́n ní ká nawọ́, ọwọ́ tó lọ sókè fún mi pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìyá Síkírù na méjèèjì.

Láńre, ọkùnrin tó kọ ìtàn nípa ẹ̀rọ kan tó jẹ́ ìránṣẹ́ onírin, fò dìde. “Kí lèyí? Ṣé ìtàn la wá gbọ́ ni, àbí wọ́n wá kó èrò bò wá?” Ariwo ta. Gbogbo ojú yí sí Dépò, akọ̀wé tó ń ka ọwọ́. Ó dìde, kò wo ojú mi. Ó ní, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn èrò yìí kò gbọ́ Òyìnbó, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́. A kò ní ka ọwọ́ wọn.” Àwọn èrò yìí! Ọkùnrin tó ti jẹ iyán ọwọ́ Ìyá Síkírù! Mo ní ṣebí òfin sọ pé ẹni tó bá jókòó dópin ló lè nawọ́, ṣé wọn kò jókòó ni? Ó ní láti òní lọ, òfin ti yí padà. Wọ́n gbé ife fún Láńre. Bàbá Rẹ́mí bá ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ má bínú sí wa. A ò mọ̀ pé kì í ṣe àwa lẹ pè.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n bú baba, baba ló tún ń bẹ̀bẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Dépò bá dé, mo ti ìlẹ̀kùn. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó yá, ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, kò kan ìlẹ̀kùn mi, ọ̀dọ̀ Bàbá Rẹ́mí ló lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Òdodo ni mo rò pé mò ń ṣe, àmọ́ mo ti rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kò gbọ́ ìtàn, àwa ni a kò sọ ọ́ lédè yín.” Ó wá jókòó sórí àpótí láàárín àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá sọ gbogbo ìtàn tí a kà lọ́jọ́ náà, tèmi náà, òógùn ń ro lójú rẹ̀. Èmi náà ṣílẹ̀kùn, mo jáde wá gbọ́. Nígbà tó sọ dé ibi tí ìránṣẹ́ onírin Láńre ti ń gbé omi gbígbóná fún ọ̀gá rẹ̀ láràárọ̀, láìmọ̀ pé ọ̀gá ti kú, Ìyá Síkírù bú sẹ́kún.

Dépò ní kí wọ́n nawọ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: Láńre ni gbogbo ilé nawọ́ fún! Ìyá Síkírù pàápàá! Ó ní, “Ọmọ mi, má bínú, tìẹ dùn, àmọ́ ìránṣẹ́ yẹn fẹ́ pa mí.” Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì ń bọ̀ lójú mi. Àwọn tí wọ́n ní wọn ò lè ṣe òdodo nìyẹn o.

Ọwọ́ kan péré ló wà lókè fún tèmi, ọwọ́ Dépò ni. Mo bi í pé, “Ṣé ìtàn lẹ nawọ́ fún ni, àbí èmi?” Ó ní, “Mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́.” Ilé hó yèè. Ṣé ọkàn obìnrin wá le tó èyí? Ọkàn mi yọ́.

Mo ti dárí jì í. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé Àjàó Estate ló ti sọ̀rọ̀ sí wọn, àgbàlá wa ló ti bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó gbọ́ èébú kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo ní kó lọ sọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ṣẹ̀ wọ́n, kó tó kó ẹbí wá. Ó ní wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ẹgbẹ́ sì lè tú ká. Ìyá Síkírù ní kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀, pé a kì í ní kẹ́ni tó ti dọ̀bálẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Bàbá Rẹ́mí kò dá sí i. Àná nìkan ló rọra bi mí, bó ti ń fi ìfági fá igi, pé tí àwọn bá wá kí mi nílé ọkọ, ṣé páálọ̀ làwọn máa jókòó sí, àbí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ, ẹ̀yin tí ẹ ti fọmọ fọ́kọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Mo fẹ́ràn Dépò. Kí ni kí n sọ fún Bàbá Rẹ́mí?