Mo Dárí Ji Ẹni Tí Mo Ṣẹ̀

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti dìde, ẹ dákun, ẹ padà jókòó. Joel, gbé abọ́ yẹn kalẹ̀ ná. Òtítọ́ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè gbé kọjá òní, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nínú pálọ̀ yìí kí n tó sọ ọ́ tán. Ìrántí ọdún kan tí Màmá wa, Edith, papòdà la wá ṣe. A ti gbàdúrà, a ti jẹun, àbúrò mi Joel sì ti dìde, ó ní kí gbogbo yín bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, èmi Frederick, tí mo fi ọkàn rere dárí ji Máyọ̀wá, ìyàwó òun. Ẹ sì pàtẹ́wọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi! Háà! Mo ní mo fẹ́ lọ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi nínú yàrá. Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà mi ni mo lọ tú. Ohun tí mo yọ nínú ẹ̀ ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí, ẹ wò ó dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó lè yé ẹni tí kò mọ̀dí. Olùkọ́ Yorùbá ni Máyọ̀wá ní iléèwé girama kan nílùú Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Gbogbo ìsinmi iléèwé ló fi ń káàkiri lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa ò gbọ́ mọ́, tí àwa gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tán. Ó lọ sí Ìmùsìn lọ́dọ̀ Ìyá Kúbúrátù. Fàtímọ̀, ìyá rẹ nìyẹn, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ó lọ sí Ayépé lọ́dọ̀ Bàbá Ìbráhìm. Abdulbasit, bàbá rẹ tó jẹ́ pé nígbà yẹn ó ṣì ń ṣàwàdà, tí kò wá lè dá ìwọ ọmọ ẹ̀ mọ̀ mọ́ báyìí. Ó sì máa ń wọlé sọ́dọ̀ Màmá nínú yàrá ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, wọn á jọ máa sọ̀rọ̀, wọn á jọ máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ohùn náà pọ̀ ju ohun tí fóònù lè gbà lọ, Máyọ̀wá ní òun máa to kọ̀ǹpútà fúnra òun. Ó ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o sórí tábìlì ìjẹun, tí Joel fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ilé. Ó ku háàdì díráìfù, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí. Ó bá wá bá mi. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Bọ̀dá Ẹ́ńjìníà ló máa ń pè mí.

Ó ní, “Bọ̀dá Ẹ́ńjìníà, nǹkan méjì péré ni mo ń wá lára ẹ̀. Kó yá, torí ohùn tí mo fẹ́ máa gé, tí mo fẹ́ máa tò pọ̀. Kó má sì já mi kulẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ yẹn ti dàgbà, mi ò ní rí wọn bẹ̀ kí wọ́n tún un sọ.”

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe jókòó tí mo ń ṣàlàyé bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní irú àtijọ́ ní àwo kan nínú tó ń yí, abẹ́rẹ́ kan á máa kà á, bó bá pẹ́, ó máa ń gbó. Mo ní irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD ni kó rà, kò sí ohun tó ń yí nínú ẹ̀, ó yá bí nǹkan míì. Mo ní kò gbọdọ̀ ra tòkunbọ̀ láé, torí kò sẹ́ni tó mọ iye iṣẹ́ tó ti ṣe níbi tó ti ń bọ̀. Mo ní kó wo orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, kó wo iye ọdún tí wọ́n fi ṣe onídùúró ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ ló dáa. Ó fi owó ránṣẹ́, mo ra èyí tó dáa jù, wọ́n sì fi mọ́tò gbé e wá fún mi. Títí di ibẹ̀, ọwọ́ mi mọ́.

Mo wá ní kí n kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Ẹ mọ kọ̀ǹpútà mi. Bí mo bá tàn án, mo lè lọ wẹ̀ kí n tó padà bá a. Ọjọ́ tí mo fi háàdì yìí sí i, mi ò tíì fa àga mọ́ra tó fi ṣí kalẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré tuntun. Mo ní kí n lò ó títí di ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, mo ní kí ọ̀sẹ̀ parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí ohun tí mo ń fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe. Ẹ bi mí! Káàdì ni mo ń ta, eré káàdì orí kọ̀ǹpútà. Mo ń ta káàdì, mo ń wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá tipẹ́, tí mo ti mọ ẹni tó máa jẹ góòlù. Ó ń ya èmi gan-an lẹ́nu bí mo ṣe dúró síbí tí mo ń sọ ọ́.

Nígbà tí Máyọ̀wá ń béèrè pé ṣé ó ti dé, mo mú háàdì àtijọ́ tí mo yọ nínú tèmi, mo fi sípíríìtì nù ún kó dán, mo gbé e lọ sílé wọn, mo fi ọwọ́ ara mi dè é mọ́ inú kọ̀ǹpútà ẹ̀, mo sì fi ìdérí bò ó. Ẹ má ṣe rò pé mi ò mọ̀ pé kò sàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo mọ ohun tí ìró yẹn túmọ̀ sí, iṣẹ́ mi ni. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé á ṣì gbé e fúngbà díẹ̀.

Máyọ̀wá tàn án, ó dúró títí. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ó jọ pé kò yá tó bí ẹ ṣe wí.” Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara ẹ̀ ni. Ó tún ní, “Kí ló ń dún kẹ́ kẹ́ yìí?” Mo ní fáànù ni. Wò ó, Frederick! Ọmọ tó gbà ẹ́ gbọ́! Ó wá béèrè èyí tó burú jù, ó ní ṣé kí òun tún ra háàdì kejì, kí òun máa da gbogbo ẹ̀ kọ síbẹ̀, kó lè jẹ́ méjì. Ọgbọ́n ló lò, ohun tó yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá ra tuntun tó fi wé èyí, ó máa rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Mo ní, “Kí lo fẹ́ fi méjì ṣe? Má fowó ṣòfò. Èyí á sìn ẹ́ dọjọ́ alẹ́.” Ó ní, “Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi.” Bó bá ti da ohùn sínú kọ̀ǹpútà tán, á pa á rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà fún òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi ò sí nílé. Màmá ní, “Gbé fóònù rẹ kalẹ̀ kó máa gbọ́, kí o sì bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ Frederick ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá lọ tán, kí o jẹ́ kó gbọ́ ọ.” Máyọ̀wá jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Kò gbọ́ ohun tí Màmá sọ. Ó ní ẹ̀rín ni òun ń gbọ́ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, pé Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó pa á mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ ọ, kò sì sọ fún mi, torí ó ti ṣèlérí fún Màmá.

A sin Màmá. Kò pẹ́ sígbà náà ni Máyọ̀wá sáré wọ ilé mi láì kan ilẹ̀kùn. Ó ní, “Bọ̀dá Ẹ́ńjìníà, ẹ gbà mí! Kọ̀ǹpútà ò ṣí mọ́!” Mo tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi, tẹkúntẹkún, pé ohùn Màmá wà níbẹ̀, àti pé èmi ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀. Mo fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń wo páálí irin yẹn. Mo gbé e lọ fúnra mi sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà, wọ́n tú u wò, wọ́n ní àwo inú ẹ̀ ti họ kanlẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè rí yọ.

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n jẹ́wọ́. Máyọ̀wá bi mí pé kí ló fà á. Mo ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni pé, “Ṣé o máa ń pa á bó ṣe yẹ kí iná tó lọ?” Ó ronú. Ó ní iná ti já mọ́ òun lọ́wọ́ rí bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní, “Ó jọ pé ohun tó pa á nìyẹn.” Ta ni iná kì í já mọ́ lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí? Ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, “Èmi ni mo pa wọ́n. Èmi ni mo pa ohùn wọn.”

Ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ bẹ àwọn ẹbí. Joel ò sí nílé, mo bá ní kó wọ ọkọ̀ mi. Fàtímọ̀, o rántí. Ìyá rẹ ti kú nígbà yẹn, o ti ń dúró kí Máyọ̀wá mú ohùn wọn wá fún ẹ. Ó kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ ní Ìmùsìn, o sunkún, o ní, “Tíṣà, ìyẹn nìkan ló kù lára ìyá mi.” Mo wà lórí àga níbẹ̀. Mo mu omi tí o gbé fún mi. Mo tún ní, “Ẹ má bínú sí i, àìmọ̀ ló ṣe é.” Àìmọ̀! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Abdulbasit, ní Ayépé, ìwọ wo bàbá rẹ tó ń fi ìka yí etí aṣọ ẹ̀, o dìde, o wọlé lọ. Máyọ̀wá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí o wọlé.

Mo rò pé ó tán. Nígbà tí a padà dé ẹnu géètì mi, mo pa ọkọ̀, Máyọ̀wá sọ̀ kalẹ̀, ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, ó sì kúnlẹ̀ lórí èèpẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ló kù. Ìyá yín ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá yín sọ kẹ́yìn ni mo bà jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, “Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́.” Mo tún súre fún un! Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí kì í gbé ìkókoré wá fún mi, pé òun ń dúpẹ́. Mo sì ń jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ́ tán ni. Ó ti pa gbígba ohùn tì, ìyá àgbà kan ránṣẹ́ sí i láti Ìmùsìn pé kó wá gba ohùn òun kí òun tó kú, Máyọ̀wá ní òun ò lọ, pé ọwọ́ òun ò dáa. Ọwọ́ ẹ̀ ni kò dáa!

Joel, jókòó. Mo rí ojú rẹ. O lẹ́tọ̀ọ́ sí ohunkóhun tó o bá fẹ́ ṣe sí mi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n parí. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń to kọ̀ǹpútà lóde òní, ẹ ra èyí tó dáa, kẹ́ ẹ sì fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn síbi méjì. Bí àgbà kan tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé bá ní ẹ má ṣe méjì, ẹ bi í pé kí ló dé. Ẹ má wo ojú ẹ̀. Ká ní Máyọ̀wá bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́.

Màmá lè ti rí i pé mo jẹ́ irú ẹni tí mo jẹ́ yìí. Ó lè jẹ́ pé ìwà mi ló ń sọ, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí mo jábọ́ sínú kòtò ìdọ̀tí lọ́mọdé ló rántí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, èmi ò sì ní mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín láéláé.

Máyọ̀wá, gba háàdì rẹ. Tìẹ ni látìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ ló rà á. Káàdì lásán ló wà lórí ẹ̀. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé mo gba ìdáríjì yẹn padà. Mi ò dárí jì ẹ́ mọ́, torí kò sí ohun tó o ṣe. Fàtímọ̀, Abdulbasit, kò sí ohun tó ṣe. Ẹ yé fà mí lápá, ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyàwó àbúrò mi ni. Ẹ fi mí sílẹ̀.