Ìparí Sinimá Tí Mo Gé Pamọ́

Ọ̀gá Adébánjọ ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ kíláàsì tuntun, nítorí àyà tó ń dùn mí kò jẹ́ kí n lè dìde wá kọ́ yín fúnra mi mọ́. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí a ti ń ṣe sinimá kúkúrú tó ń kó ọkàn èèyàn sókè. N óò ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ láti ọdún 1962, ọdún mẹ́ta gbáko báyìí, ó sì ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Dókítà kò sọ fún mi pé mo ń lọ, àmọ́ nígbà tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìyàwó mi ló lọ bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé. Bí èèyàn bá kú tán, gbogbo ayé á máa sọ pé ó dáa. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bẹ́ẹ̀ nípa tèmi, ẹ gbọ́ òótọ́.

Akínfẹ́nwá lorúkọ mi, ọmọ Oǹdó ni mí, iṣẹ́ mọ́tò sinimá ló gbé mi wá sí Port Harcourt. A ó wa mọ́tò lọ sí pápá, a ó na aṣọ funfun tí àwòrán máa hàn lára rẹ̀ sókè, a ó fi ẹ̀fọn, omi ìdọ̀tí àti ọwọ́ fífọ̀ han àwọn ará àdúgbò. Àwọn fíìmù náà kò gbọ́ èdè wa, torí náà ẹnìkan ní láti di maikirofóònù mú kó máa sọ ohun tójú ń rí. Èmi lẹni náà. Mo máa ń fi pijin sọ ọ́, tí àwọn Yorùbá bá pọ̀, n óò fi Yorùbá bù ú lé. Bí fíìmù bá ti parí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi ń pa á dé: “Wetin una eye don see so, na true. Ohun tójú yín rí yìí, òótọ́ ni.” Òótọ́ ni lóòótọ́, ẹ̀fọn ń fa ibà. Àwọn èèyàn gbà wá gbọ́ débi pé bí tọkọtaya bá ń jiyàn nínú ilé, ẹni tó bá ti sọ pé “Sinimá ló wí bẹ́ẹ̀” ló borí.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Adébánjọ, tó ti lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù lókè òkun, kó àwa mélòó kan jọ, wọ́n ní àwa náà á ṣe sinimá tiwa. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, torí òun ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mi. Ẹ̀rù kì í gbé inú ohun tí èèyàn rí, inú ohun tó ń retí ló ń gbé. Ẹ fi bàtà hàn, ẹ má tíì fi ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ hàn. Ẹ fi ilẹ̀kùn hàn ní títì, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjìji dé kí olójìji tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnìkan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí ẹ mú kí gbogbo ayé máa fura sí i, kí ojú wọn lè kúrò lára ẹni tó ṣe é gan-an. Nígbà tí Ọ̀gá kọ́ wa ní èyí, wọ́n na ìka sí wa, wọ́n ní: “Ẹni tí ẹ bá gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ kọ́ lọ́rùn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí fíìmù tó tán. Tí ẹ ò bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kì í ṣe sinimá lẹ ṣe mọ́, ẹ ba èèyàn jẹ́ ni.” Gbogbo wa mi orí. Orí tèmi ló mì jù.

Ìtàn ọmọbìnrin kékeré kan tó sọnù ni a ṣe. Rẹ̀mí, ọmọ àbúrò Ọ̀gá, tó wá lo ọlidé láti Abẹ́òkúta, ló ṣe ọmọ náà. Ẹni tí a ní kí wọ́n máa fura sí ni Làmídì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kan àpótí páànù ní Diobu, àdúgbò kan ní Port Harcourt. Àpótí rẹ̀ tóbi, ọmọdé lè sùn sínú rẹ̀. A ya òjìji rẹ̀ lára ògiri, a ya òòlù tó ń lọ sókè, a ya ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ti àpótí ní kọ́kọ́rọ́. Inú Làmídì dùn, ó dé fìlà tuntun. Ṣùgbọ́n ó bi wá pé: “Ṣé wọ́n á rí i pé kì í ṣe èmi?” Ọ̀gá dá a lóhùn pé: “Bí àpótí bá ti ṣí, gbogbo ayé á rí i.” Nítorí ní ìparí, àpótí á ṣí, abọ́ àti aṣọ ìgbéyàwó Àdíját ọmọ rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá rí Rẹ̀mí nínú ọkọ̀ ojú omi létí odò Woji, lọ́dọ̀ akọ̀wé kan tó wọ táì, ọmọlúwàbí tó ti ń bá wọn wá ọmọ kiri láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣé òun gan-an ló jí i gbé. Èmi ni mo ṣe akọ̀wé yẹn.

Ẹ wá wò ó, ìgbà náà ni mo ń fẹ́ Ibiere, ọmọ Kalabari, ìyá rẹ̀ ò sì fẹ́ mi. Ó ní òun ò mọ bàbá mi, òun ò mọ ilé mi. Nígbà tí a fẹ́ fi fíìmù náà hàn ní Diobu, Ibiere sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé màmá òun ń bọ̀ wá wòran. Mo mọ bí àwọn èèyàn wa ti ń gba sinimá gbọ́. Mo mọ̀ pé bí màmá yẹn bá rí mi tí mo jókòó ti ọmọ tí wọ́n jí gbé, kò sí àlàyé tó máa wọ̀ ọ́ létí, mo ti pàdánù Ibiere nìyẹn. Ọ̀gá ti lọ sí Enugu fún ìpàdé. Ọ̀kan ṣoṣo ni fíìmù náà, kò ní èkejì. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e níbi tí Làmídì ti ń ti àpótí pa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwíjàre pé mi ò mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Torí pé mo mọ̀ ni mo ṣe gé e.

Pápá kún. Nígbà tí òjìji Làmídì kọjá lára aṣọ, àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn mọ́ra. Àpótí tì, aṣọ funfun di funfun lásán. Wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo lè sọ pé ìtàn ni, mo lè sọ pé ó kù. Màmá Ibiere wà níwájú, ó ń wò mí tìyanutìyanu fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo gbé maikirofóònù sẹ́nu, mo ní: “Wetin una eye don see so, na true.”

Rẹ̀mí ti padà sílé ìwé ní Abẹ́òkúta, torí náà kò sẹ́ni tó rí i mọ́ ní Diobu. Wọ́n ń béèrè pé ọmọ náà dà. Àwọn oníbàárà Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn lọ. Nígbà tí Ọ̀gá dé, mo sọ fún wọn pé iná gílóòbù ẹ̀rọ sinimá ló jó ìparí fíìmù, wọ́n gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n àlàyé ẹnu Ọ̀gá kò borí ohun tójú àwọn èèyàn ti rí. Làmídì náà wá sílé mi, ó ní: “Àbúrò mi, jọ̀ọ́, tún fi hàn wọ́n, kí wọ́n rí inú àpótí.” Mo pa irọ́ iná kan náà fún un. Ẹ ò mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní: “Má banú jẹ́. Iná ò mojú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run á tú u ká.” Ó wá tù mí nínú! Ó tún ní òun á kan àpótí kan fún ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́, ó sì kàn án. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́. Ojú ò tì mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ burú sí nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi, Ibiere àti màmá rẹ̀ ń bọ̀ láti ọjà, a bá èrò rẹpẹtẹ. Làmídì ló ń fi ọmọlanke gbé àpótí lọ fún ẹni tó rà á, ọmọ ẹni náà sì ń sunkún tẹ̀lé e nítorí oòrùn. Ẹnìkan ti kígbe pé: “Na the man be that! Pikin thief!” Wọ́n ti da àpótí sílẹ̀, wọ́n ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò tú ká. Ọkùnrin kan rí mi, ó pariwo: “Oga Sinima dey here! Make una ask am!” Gbogbo wọn kọjú sí mi. Làmídì gbójú sókè, nígbà tó rí i pé èmi ni, ó mí kanlẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní: “Àbúrò mi, bá mi sọ fún wọn.” Màmá Ibiere di apá mi mú. Ó ní: “You sabi this man?” Mo fèsì pé: “Wetin una see for sinima, na im me too see.”

Kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ há ẹnu àpótí tó fúnra rẹ̀ kàn, wọ́n sì tẹ ìdérí mọ́ ọn. Ọlọ́pàá dé, ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò lè di òòlù mú mọ́ láéláé, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ sì wọ lọ́rì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbé Ibiere níyàwó. Màmá rẹ̀ fẹ́ràn mi, ó máa ń sọ pé ọkọ ọmọ òun kì í purọ́.

Iná ò jó ìparí fíìmù náà. Inú àpótí tí Làmídì kàn fún wa ló wà, lábẹ́ bébà tí mo tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ibiere ń ṣí i lójoojúmọ́ láti mú aṣọ, kò mọ ohun tí aṣọ òun sùn lé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbà mí. Ẹ mú un, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyókù tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, kí ẹ fi hàn ní pápá Diobu kan náà. Ẹ fi ìyàwó mi àti màmá rẹ̀ síwájú, mi ò sọ pé kí ẹ rọra. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan nínú yín gbé e lọ bá Làmídì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó sọ fún un pé mo dọ̀bálẹ̀, pé bí kò bá lè dárí jì mí, kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin náà, nígbà tí ẹ bá ń ṣe tiyín, ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú òkùnkùn kí ẹ sì pa iná.

Bí fíìmù bá parí, ẹni tó bá di maikirofóònù mú kó sọ fún wọn pé ìtàn lásán ni ọmọ jíjí yẹn, kò sẹ́ni tó jí Rẹ̀mí gbé, ó wà ní Abẹ́òkúta, ó ń kàwé. Lẹ́yìn náà kó tọ́ka sí akọ̀wé onítáì yẹn, kó sọ pé: “Ṣùgbọ́n ẹ wo eléyìí dáadáa. Olè ni lóòótọ́. Orúkọ Làmídì ló jí.”